Ibi tí àwọn òyìnbó náà ti jápa: ìrìn ẹsẹ̀ wa ní èbúté Göteborg

Ìyá Ìbejì, Hull

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti dé Göteborg ní Swídìn rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó wá sọ tirẹ̀, èmi fẹ́ sọ tèmi. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ ni mo ṣe pè é lọ́jọ́ tí a dé. Àbúrò mi tó wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfurufú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Y ni wọ́n ń pe G yẹn. Yọ̀tẹ̀bọ́rì." Ẹ wò ó, ó kù díẹ̀ kó di orúkọ Ìjẹ̀bú.

Oṣù Keje ni a lọ, èmi àti àwọn ìbejì. Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ, ọjọ́ tí a fẹsẹ̀ rin ìlú. Bàtà ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Mo ní mò ń lọ ya fọ́tò, mo wọ sálúbàtà tuntun. Òkúta ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà ní ibi púpọ̀ nílùú yẹn, kí ó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi ti ń ta bí ẹni tẹ ata. Àṣìṣe kejì ni owó bébà tí mo ṣẹ́ láti Hull. Ibi tí a dé ni wọ́n ti ń béèrè káàdì, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí mo ṣe gbé owó náà lọ ni mo ṣe gbé e bọ̀.

Götaplatsen ni a ti bẹ̀rẹ̀, níwájú ère Poseidon, òrìṣà òkun àwọn ará Gíríkì. Carl Milles ló fi idẹ ṣe é, 1931 ni wọ́n sì gbé e dúró síbẹ̀. Ìhòòhò goloto ni bàbá náà wà, ẹja ńlá lọ́wọ́ kan, ìkarahun lọ́wọ́ kejì. Kẹ́hìndé fọwọ́ bojú. Táíwò ní kí n ya òun àti "bàbá ẹlẹ́ja" pọ̀. Láti ibẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ gba Avenyn, òpópónà ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lè yára kọjá níbẹ̀, kò sí ohun tí ẹ ò rí rí.

Omi ló dùn mọ́ mi. Ọba Gustav II Adolf fún ìlú náà ní ìwé àṣẹ ní 1621, ṣùgbọ́n ilẹ̀ amọ̀ rírọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ké sí àwọn ará Netherlands tó mọ̀ nípa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ló gbẹ́ ipa omi gba àárín ìgboro kọjá, díẹ̀ sì ṣì wà. Létí ọ̀kan nínú wọn ni ilé ilé-iṣẹ́ tó ń bá Ṣáínà ṣòwò wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1731. Ilé náà ti di mùsíọ́mù ìlú. Àbúrò mi sọ ìtàn ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ Götheborg. Ó lọ dé Ṣáínà, ó kó tíì àti àwo tánganran, ó ń padà bọ̀ nílé ní 1745. Ní ẹnu èbúté, níbi tí àwọn ará ilé ti ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, ó kọlu àpáta, ó rì. Mo ní, "Ilé ti kù dẹ̀dẹ̀!" Èèyàn kankan ò kú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí a dé etí odò Göta, níbi tí wọ́n ń pè ní Packhusplatsen, àbúrò mi dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yìí." Mo wò ó, n ò rí nǹkan kan. Ó ní Franska tomten ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Faransé. Ní 1784, Ọba Gustav III bá Faransé ṣe pàṣípààrọ̀. Faransé gba ẹ̀tọ́ láti máa kó ọjà sí èbúté Göteborg. Swídìn gba erékùṣù Saint-Barthélemy ní òkun Kàríbíánì, tòun ti àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n sọ èbúté erékùṣù náà di ibi òwò tí kò ní owó bodè, ẹrú sì wà lára ọjà tí wọ́n ń tà. Ó di 1847 kí wọ́n tó dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ó di 1878 kí erékùṣù tó padà sọ́wọ́ Faransé. Gustavia ni olú ìlú rẹ̀ ṣì ń jẹ́ títí dòní.

Èmi tí mo rò pé Swídìn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí! Volvo ni mo mọ̀ wọ́n mọ́, pàápàá níbí yìí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1927. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ń la áísì kirimù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kò tíì parí. Ní àdúgbò kan náà ni ilé kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́ wà, níbi tí àwọn ará Swídìn ti ń kọjá nígbà tí wọ́n ń sá lọ sí Amẹ́ríkà. Láàárín 1850 sí 1930, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì gba Göteborg kọjá. Oko wọn kún fún òkúta, ilẹ̀ ò kárí ọmọ, ìyàn 1867 sí 1869 sì wá dá kún un. Ẹ̀gbọ́n tó bá ti ríbi jókòó lọ́hùn-ún á fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí àbúrò nílé, àbúrò á palẹ̀ ẹrù mọ́ sínú àpótí igi, ìyá á sì jókòó sílé kó máa retí lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò mọ ìtàn yìí nínú wa?

Mo bi àbúrò mi pé ṣé láti ibí ni ọkọ̀ wọn ti ń lọ tààrà sí New York ni. Ó ní láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ wọkọ̀ òkun dé Hull, wọn á wá wọ reluwé láti Hull lọ sí Liverpool.

Mo ní, "Hull wo?"

Ó ní, "Hull tí ẹ̀ ń gbé."

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì nídìí ibùdókọ̀ reluwé Paragon lọ síbi iṣẹ́. Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí n kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá ìdúró àwọn èèyàn wọ̀nyí ni, 1871 ni wọ́n kọ́ ọ fún wọn.

Ìyókù ọjọ́ náà, Haga ni a lọ, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́: òkúta ni ìsàlẹ̀ ilé wọn, pákó ni àjà méjì òkè, nítorí òfin iná. A jẹ búrẹ́dì róbótó oníṣúgà tó fẹ̀ bí àwo, àwa mẹ́rin ò sì jẹ ẹ́ tán. Táíwò àti Kẹ́hìndé gun òkè Skansen Kronan, ilé odi tó dé adé sórí, tí ọ̀tá ò kọlù rí. Mo jókòó nísàlẹ̀ mo bọ́ bàtà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀, àwọn ọmọ ní àwọn ò ní sùn nígbà tí ilẹ̀ ò ṣú.

Bàbá Tíráàmù

Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Ìbejì. Èmi ni mò ń wa tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, nílùú yẹn. Ẹ ò sọ ti ère Gustav II Adolf tó ń fìka han ilẹ̀ bí ẹni ń sọ pé "ibí ni." Èyí tó wà níbẹ̀ kọ́ ni àkọ́kọ́. Jámánì ni wọ́n ti rọ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ ọkọ̀ rì lẹ́bàá erékùṣù Helgoland. Àwọn ará ibẹ̀ wú ère náà jáde, wọ́n bu owó gọbọi lé e. Àwọn ará Göteborg ní àwọn ò san, wọ́n rọ òmíràn, wọ́n gbé e dúró ní 1854. Bremen ni àkọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ìnájà dé orí ère ọba!

Nígbà tí ìyá mi wá láti Òṣogbo, mo mú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Paddan. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Afárá kan wà tó relẹ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní ìfá wàràkàṣì, gbogbo èrò gbọ́dọ̀ wólẹ̀ sínú ọkọ̀ kí ó má baà fá wọn lórí. Màmá mi we gèlè. Wọ́n ní àwọn ò lè wólẹ̀ fún afárá. Amọ̀nà ń bẹ̀ wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń bẹ̀ wọ́n ní Yorùbá, afárá ń bọ̀. Nígbà tó kù bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá ń lọ, ẹ wọ tíráàmù dé Saltholmen, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù gúúsù. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Kò sí mọ́tò níbẹ̀. Alùpùpù tó ní pẹpẹ ẹrù níwájú ni wọ́n fi ń kó ẹrù. Ẹ ṣáà wo aago ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Mo ti sùn sórí bẹ́ǹṣì rí ní Vrångö.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹja, mà? Feskekörka! 1874 ni wọ́n kọ́ ọ, ó rí bí ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ọjà ẹja ló wà nínú rẹ̀. Mo débẹ̀ ní 2018. Èmi tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja, ó yà mí lẹ́nu: kò sí ariwo, kò sí òórùn, ẹnikẹ́ni ò ná ọjà. Wọ́n ti gé orí gbogbo ẹja dànù. Mo béèrè orí. Ọkùnrin náà rò pé mo ní ológbò nílé. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé orí ẹja kọ́ọ̀dù mẹ́rin jáde, kò gba kọ́bọ̀. Ata tí mo fi sè é lálẹ́ ọjọ́ náà, aládùúgbò kan ilẹ̀kùn pé kí ló ń jóná.

Ìyá Ìbejì, Hull

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bàbá Tíráàmù, mo rẹ́rìn-ín màmá débi pé mo da tíì nù. Ní Sátidé tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ lọ wo yàrá ìdúró yẹn ní Paragon. Mo sọ fún wọn pé ibí ni àwọn ará Yọ̀tẹ̀bọ́rì ń jókòó sí de reluwé. Kẹ́hìndé bi mí pé ṣé wọ́n ti gba físà Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kúrò nílé. Mo ní kò sí físà nígbà náà.

Ó ní, "Gbogbo wọn, Mọ́mì?"