Ọjọ́ mẹ́wàá ní Sàró: kí ni kí n gbé dání, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Aránṣọ, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìjọ rìnrìn àjò ìhìn rere lọ sí òkèèrè rí.

Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa fẹ́ rán àwa mẹ́sàn-án lọ sí Freetown, ní Sàró (Sierra Leone), nínú oṣù kẹjọ. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Míṣọ̀n kan tí ìjọ wa ń bá ṣe pọ̀ ló fẹ́ gbà wá lálejò. Wọ́n ní ilé ìkọ́ṣẹ́ ìránṣọ fún àwọn ọmọbìnrin tí kò rí ìwé wọn parí, wọ́n ń fún àwọn ọmọ iléèwé lóúnjẹ ọ̀sán, àwọn ìyá ọlọ́jà sì ń dá àjọ lọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ká wá wo iṣẹ́ náà, ká sì bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ní báyìí, àpò Gánà-mọ́ọ̀sì-gò méje ti kún fún aṣọ àlòkù ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní ká kó oògùn dání, ká máa yẹ ìfúnpá àwọn èèyàn wò. Àwọn mìíràn ní ká yà sí ilé ọmọ aláìlóbìí, ká gbé àwọn ọmọ náà jó, ká ya fọ́tò tí ìjọ máa rí. Èmi ti ń ránṣọ láti ọdún 27 sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọbìnrin yẹn níṣẹ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ sí abúlé kan ní Tógò. A pín bàtà. Bàtà kò kárí, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀kan ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, ó di ìró mi mú, ó ní kí wọ́n bá òun béèrè ọjọ́ tí màá padà wá. Mo ní láìpẹ́. N kò débẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Títí dòní, bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ lálẹ́, mo máa ń rántí ọwọ́ rẹ̀ lára ìró mi.

N kò fẹ́ ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n kúkú fi owó ọkọ̀ mi ránṣẹ́ sí wọn?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Freetown

Ìyá wa, ẹ lọ. Ìlú yìí ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí oṣù yẹn padà. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni òjò ibí máa ń rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òkè ya lulẹ̀ ní àdúgbò Regent lẹ́yìn òjò, àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Àwọn olùgbàlejò yín kò ní í lè sọ pé kí ẹ má wá, nítorí ojú ń tì wọ́n. Oṣù kìn-ín-ní tàbí ìkejì dára jù.

Ẹ kò nílò físà, ìwé ìrìnnà ECOWAS tó fún 90 ọjọ́. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Lungi ni pápákọ̀ òfurufú wà, ní òdìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ wọ ìlú. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò yín. Ọdún 2022 ni wọ́n gé òdo mẹ́ta kúrò lára owó leone, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn kò tí ì kúrò nínú ti àtijọ́, nítorí náà bí ẹnì kan bá dá iye tó ga fún yín, ẹ bi í bóyá owó tuntun ló ń kà.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù lọ nìyí. Bí ẹ bá dé, ẹ máa gbọ́ "kushe" lójú ọ̀nà. Ẹ kú iṣẹ́ wa náà ni. Àwọn Krio, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n tẹ̀dó síbí, ń ṣe awujoh, àsè ìrántí, fún àwọn òkú wọn, wọ́n ń ṣe komojade fún ọmọ tuntun. Níbí ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther ọmọ Òṣogùn kalẹ̀ sí lọ́dún 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ibí ló ti di onígbàgbọ́, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay lọ́dún 1827. Àwọn ará Sàró ló gbé ìhìn rere padà wá sí Abẹ́òkúta fún àwọn baba ńlá mi. Ẹ sọ èyí fún àwọn mẹ́jọ yòókù kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe wá lóore lẹ ń lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Ẹ bá ìfúnpá ìyá kan ní 180, ẹ fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú. Lọ́jọ́ kọkànlá ńkọ́? Ta ló máa bi í bóyá ó ń lò ó? Kò sì sí orílẹ̀-èdè tó yẹ kí àlejò ti máa tọ́jú aláìsàn láìgba ìwé àṣẹ, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2010 ni ìjọba Sàró ti sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba fún aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ẹ bi míṣọ̀n léèrè ibi tí èyí tó sún mọ́ wọn wà, ẹ lọ kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń tán mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Màmá, ọ̀rọ̀ ọmọ Tógò yẹn pa mí lẹ́kún. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ni mo ń ṣe níhìn-ín, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè tọ́ ni wọ́n ń gbé wá fún wa. Ọmọ tó bá ń fò mọ́ àlejò lọ́rùn láàárín wákàtí kan, ẹ má pè é ní ìfẹ́. Ọmọ tí àwọn èèyàn ti fi sílẹ̀ léraléra ni, àwa náà á sì tún fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ará, kí wọ́n má yà sí ilé ọmọ aláìlóbìí rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ kárí ayé ni bàbá tàbí ìyá wọn ṣì wà láàyè, ìṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí owó àlejò bá sì ń wọlé nítorí ọmọ, àwọn kan á máa wá ọmọ kún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí ewu tó wà nínú kí àlejò máa lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ọmọ aláìlóbìí. Bí ìjọ bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, ẹ ran ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ lọ́wọ́.

Fọ́tò náà ńkọ́? Ọmọ-ọmọ yín ló ń jẹun yẹn, àjèjì wá na fóònù sí i lẹ́nu. Ṣé ẹ máa gbà?

Díákónì, Ìlọrin

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ẹ má jẹ́ ká fi ọgbọ́n dí ojú àánú. Jákọ́bù orí kejì ní bí arákùnrin bá wà níhòòhò, ká má kàn sọ fún un pé kó lọ ní àlàáfíà. Àwọn tó kó aṣọ yẹn jọ, ọkàn rere ni wọ́n fi kó o. Bí a bá tún dé ibẹ̀ tí a kò wàásù, kí la lọ ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Freetown

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa ọkàn rere wọn. Ṣùgbọ́n òkìrìkà kún ọjà níbí bó ṣe kún tiwa. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ náà ń wá ẹni tó máa ra aṣọ tí wọ́n rán. Bí àpò méje bá balẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ládùúgbò kan náà, ta ló máa ra tiwọn?

Ní ti ìwàásù, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sàró. Inú ilé kan náà lẹ ti máa bá Alàájì àti Ìyá Ìjọ, bíi tiwa gan-an. Àwọn Oku tó wà ní àdúgbò Fourah Bay àti Fula Town, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ni baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wàásù nínú ìjọ bí wọ́n bá pè yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà fi àdúrà ṣáájú àwo oúnjẹ ọmọ tí ebi ń pa.

Télọ̀ Àgbà, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ oníná lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rà á níbẹ̀, kó lè jẹ́ irú èyí tí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò mọ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, bọ́bìnnì, téèpù àti ṣọ́ọ̀kì: ìwọ̀nyí kò wúwo. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń kọ́ wọn lójoojúmọ́. Òun ni kí ẹ jókòó tì. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́ fún un.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín ní gara! Ó jọ àdìrẹ wa bí ìbejì, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n sì ń fi obì pa á láwọ̀ bíi pupa rúsúrúsú. Èmi ì bá san owó láti wà níbẹ̀.

Ìyá Aránṣọ, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo pe olùkọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ yẹn lánàá. A sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan. Ó ní ohun tó ń dùn wọ́n jù ni kọ́là yunifọ́ọ̀mù iléèwé, pé tiwọn kì í dúró, nítorí náà iléèwé kan kò gbé iṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ó ní òun máa kọ́ mi ní gara láwọn ọjọ́ tó kù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ìyá rẹ̀ wá sórí fóònù kó wá kí mi.

A ti sún un sí oṣù kejì. Àpò méje náà, a óò tà á ní gbọ̀ngàn ìjọ, owó rẹ̀ á bá wa lọ. A yọ ilé ọmọ aláìlóbìí kúrò. Àwọn méjì nínú wa ṣì ń bínú, mo ń bẹ̀ wọ́n.

Ó ku ẹyọ kan. Ta ló mọ ẹni tó gbọ́ èdè Ewe tàbí Faransé dáadáa láàárín yín? Mo ṣì ní nọ́ńbà alàgbà tó gbà wá lálejò ní Tógò. Ọmọ yẹn á ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí. N kò fẹ́ ṣèlérí kankan mọ́, mo kàn fẹ́ kí ó bá mi sọ fún un pé n kò gbàgbé, kí ó sì bá mi béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ṣì ń lọ síléèwé.