Ẹ bá mi wá ìwé kúkúrú tó ń sọ ìtàn ayé ọjọ́ iwájú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ìgbà tí ọjà bá dá ni mo sì máa ń kàwé. Ìwé ńlá kò bá mi mu: kí n tó ka ojú ewé mẹ́ta, oníbàárà ti dé, mo ti gbàgbé ibi tí mo dé.

Àbúrò mi ló yá mi ní Binti tí Nnedi Okorafor kọ lọ́dún 2015. Ọmọbìnrin ẹ̀yà Himba ní Nàmíbíà kan ló sá nílé, tó lọ kàwé ní yunifásítì nínú ayé mìíràn. Ọkọ̀ tó gbé e, ẹ̀dá abẹ̀mí ni! Amọ̀ pupa tí wọ́n fi ń para nílé wọn ló gbé dání. Amọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Aró ṣì wà léèékánná mi bí mo ṣe ń ṣí ìwé náà. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi parí ẹ̀.

Mo ka The Time Machine ti H. G. Wells náà, ti 1895. Ó dára, àmọ́ kò dùn mọ́ mi tó Binti.

Èwo ni kí n kà tẹ̀ lé e? Wọ́n dárúkọ Tade Thompson fún mi, ọmọ Yorùbá tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke fún irú ìtàn yìí lọ́dún 2019 nítorí Rosewater, ṣùgbọ́n ìyẹn ti gùn jù fún mi. Mo máa ń ka ìtàn kéékèèké ní Omenana, ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù. Níbo lẹ tún ti ń rí irú wọn? Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n l'Ábẹ́òkúta níbí? Ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ irú ìtàn yìí ní Yorùbá? Mo ti ka Fágúnwà, iwin àti igbó ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí ayé mìíràn ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.