Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni wá, a fẹ́ lọ fẹ̀yìntì sí Pọ́túgàl, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á dópin. Èmi àti bàbá wọn ti wà ní Houston láti 1993, àwa méjèèjì ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tipẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, màá pé 65 lóṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, bàbá wọn ti pé 67, wọ́n sì ti ń gba Social Security wọn, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san. Tá a bá pa ti àwa méjèèjì pọ̀ á tó bíi $4,100 lóṣù, 401(k) díẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì tá a tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́, sì wà nílẹ̀. Owó orí ilé àti inṣọ́ránsì ilé nìkan ń kó ju ìdámẹ́rin owó yẹn lọ níbí.

A lọ sí Setúbal ní Pọ́túgàl lóṣù kẹjọ tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì péré la lò, àtìgbà yẹn lọkàn bàbá wọn ti kúrò ní Texas. Wọ́n ní ká ta ilé ká kó gbogbo ẹrù lọ. Wọ́n ní ẹnì kan sọ fún àwọn pé Pọ́túgàl kì í gba owó orí lórí pẹ́ńṣọ̀n àlejò, àti pé kí la ó tún máa san Part B fún (apá tó ń san owó dókítà nínú Medicare, inṣọ́ránsì ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fáwọn àgbà) nígbà tí Medicare ò ní tẹ̀ lé wa débẹ̀. Mi ò fẹ́ máa bá wọn jiyàn lórí ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, kí ló bá yín lójijì tẹ́ ẹ ò rò tẹ́lẹ̀? Ṣé ká ta ilé? Ṣé ká já Part B sílẹ̀?

Ará_Caldas:
Mọ́mì, ẹ kú ìrònú. Caldas da Rainha ni mo wà, ní Pọ́túgàl níbí, èmi àti ìyàwó mi ti New Jersey wá lọ́dún 2019. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti owó orí kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ti pẹ́ lẹni yẹn sọ fún Dádì. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní NHR, lóòótọ́ ni pé kò gba nǹkan kan lórí pẹ́ńṣọ̀n tó ń ti òkèèrè wá, nígbà tó di 2020 wọ́n sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, àmọ́ wọ́n ti tilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ ẹni tuntun láti 2024. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àtàwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe ẹni tó ti fẹ̀yìntì. Tẹ́ ẹ bá ti lò ju ọjọ́ 183 lọ níbí láàárín oṣù méjìlá, owó yín gbogbo ni Pọ́túgàl máa wò, ibi yòówù kó ti máa wọlé.

Fíísà ò ní fún yín ní wàhálà lórí owó. D7, fíísà àwọn tó ń gba pẹ́ńṣọ̀n, lẹ máa gbà, €870 lóṣù ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olórí ilé ní 2025, ìdajì ẹ̀ fún ìyàwó tàbí ọkọ. Ìwé ni yóò rẹ̀ yín: ìwé FBI pé ẹ ò ní ẹjọ́ lọ́rùn tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi àpọ́stìl lé (èdìdì ìjọba tó ń jẹ́ kí ìwé ṣeé lò lókèèrè), nọ́ḿbà owó orí Pọ́túgàl tí wọ́n ń pè ní NIF, inṣọ́ránsì, ẹ̀rí ilé tẹ́ ẹ máa gbé. Oṣù mẹ́rin ni fíísà yẹn fúnra ẹ̀, ibí lẹ ti máa wá gba ìwé ìgbé ọdún méjì.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé oṣù kẹjọ lẹ wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún wá lóṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ ilé níbí ni kò ní ohun tó ń mú inú ilé móoru, inú ilé á tutù ju ìta lọ. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ dé, kóòtù ni mo ń wọ̀ jẹun, ọjọ́ kan ìyàwó mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, bàtà aláwọ rẹ̀ ti bu, funfun báláú bí ẹni da ìyẹ̀fun lé e. Pẹ̀lú páṣípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ẹ lè lo 90 ọjọ́ nínú 180 láìgba fíísà kankan, ẹ gba ilé oṣù mẹ́ta láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, kẹ́ ẹ wá mọ̀ bóyá Dádì ṣì fẹ́ràn ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn ẹ má tilẹ̀ dárúkọ ilé títà.

Ti èdè náà ò kéré o. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé òyìnbó tó wà níbí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Lóru ọjọ́ kan ní 2022 àyà ń dun ìyàwó mi, mo pe 112, wọ́n gbé fóònù, mi ò lè pe orúkọ àdúgbò wa kó yé wọn, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, aládùúgbò wa tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló gbọ́ ariwo mi tó wá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kì í ṣe ọkàn. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ìwé kan wà lára fíríìjì wa, àdírẹ́ẹ̀sì wa lédè Potogí, oògùn tá a ń lò, ohun tí ara wa ò gbà. Ẹ jẹ́ kí Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè yẹn lónìí.

Bàbá_Ohio:
Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, kí wọ́n má já Part B sílẹ̀ báyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ yẹn gan-an lèmi náà sọ ní 2020. Ajijic ni mo wà, létí adágún Chapala ní Mẹ́síkò, mo ní kí ni mò ń san owó oṣooṣù fún lórí ohun tí mi ò lè lò, mo bá kọ̀wé lóṣù kẹfà pé kí wọ́n dá a dúró. Ọdún mẹ́rin dùn bí oyin. Ní 2024 wọ́n rí kókó kan nínú ìfun mi, inṣọ́ránsì tí mo rà níbẹ̀ ní àìsàn yẹn kò sí nínú ohun táwọn ń san, àwọn ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ nílé.

Oṣù karùn-ún ni mo balẹ̀ sí Ohio. Mo rò pé màá kàn pè wọ́n ni, kí wọ́n tan Part B padà bí ẹni tan iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti já a sílẹ̀ bíi tèmi, oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún nìkan ló lè padà wọlé. Mo dúró títí di oṣù kìíní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kejì ló tó bẹ̀rẹ̀. Part A mi, apá Medicare tó wà fún ọsibítù, kò kúrò torí òun ò gba owó lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló san ti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ṣùgbọ́n owó dókítà tó ṣe é, owó ẹni tó fún mi lóògùn oorun, àyẹ̀wò tí mò ń lọ ṣe tí mo ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà, gbogbo ẹ̀ já lé èmi àtàwọn ọmọ mi léjìká. Ẹ wá wo ìtanràn: ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá pé tẹ́ ẹ fi wà láìní Part B, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa fi kún un títí ayé. Tèmi jẹ́ ọdún mẹ́rin. $185 làwọn tó kù ń san lóṣù ní 2025, èmi ń san $259.

Ẹni tó bá dá lójú pé òun ò ní padà sí Amẹ́ríkà láyé òun lè já a sílẹ̀, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ní òótọ́, tí nǹkan kan bá ṣe ọ̀kan nínú yín, ọ̀dọ̀ ta lẹ máa sá lọ? Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì ni, ẹ máa san án lọ. Ẹ̀yin fúnra yín, oṣù méje lẹ ní láti forúkọ sílẹ̀, mẹ́ta ṣáájú oṣù tẹ́ ẹ máa pé 65, oṣù yẹn, mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀.

Owó_Orí_Dallas:
Iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe, àwọn tó wà lókè òkun sì pọ̀ nínú àwọn tí mò ń bá ṣe é. Mà, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣì jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ẹ ó máa kọ owó orí Amẹ́ríkà lọ́dọọdún níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà. Wọ́n fún ẹni tó wà lókèèrè láyè títí di June 15, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ owó kan, èlé ti ń gorí ẹ̀ láti April 15. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ṣebí ààyè wà láti yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kúrò, owó iṣẹ́ nìyẹn wà fún o, kò kan pẹ́ńṣọ̀n àti Social Security. Èyí tẹ́ ẹ máa lò ni Form 1116, fóòmù tẹ́ ẹ máa fi yọ owó orí tẹ́ ẹ ti san lókèèrè, kẹ́ ẹ má bàa san owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà.

FBAR, ìwé tẹ́ ẹ fi ń sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà nípa akáǹtì yín ní òkèèrè, ló ń mú àwọn èèyàn jù. Tí owó inú gbogbo akáǹtì yín ní òkèèrè lápapọ̀ bá kọjá $10,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo péré láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Oníbàárà mi kan fi owó ránṣẹ́ láti ra ilé, owó yẹn sùn ní báńkì ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kò pẹ́ níbẹ̀ kò sì kọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti tó. Tí báńkì ibẹ̀ bá sì ní kẹ́ ẹ wá ra fọ́ǹdù àwọn, ẹ sọ pé ẹ ò rà, Amẹ́ríkà ń gba owó orí tó le gan-an lórí irú ẹ̀, fóòmù ẹ̀ nìkan ń dá orí rú.

Ilé: mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n Caldas pé kẹ́ ẹ má tíì tà á, ẹ fi í háyà. Ṣùgbọ́n ẹ sàmì sí ọjọ́ tẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Tọkọtaya tó bá gbé ilé wọn ọdún méjì nínú márùn-ún tó ṣáájú títà lè yọ $500,000 nínú èrè kúrò lábẹ́ owó orí. Ìyẹn ni pé ọdún mẹ́ta lẹ ní, tó bá ti kọjá ẹ̀ àǹfààní yẹn ti lọ. Pọ́túgàl náà sì lè fẹ́ jẹ nínú èrè yẹn tẹ́ ẹ bá ti di ará ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó tà á.

Ìyá_Boquete:
Ẹ kú ewu ìmúra, ìyá. Panamá lèmi wà, ọkọ mi ti ṣaláìsí níbí. Owó dọ́là ni wọ́n ń ná níbí, fíísà Pensionado ò sì béèrè ju pẹ́ńṣọ̀n $1,000 lóṣù, àti $250 lórí ẹni tó bá tẹ̀ lé yín, tí ti Pọ́túgàl bá sú yín.

Nọ́ḿbà fóònù ló kọ́kọ́ dé mi mọ́lẹ̀. Mo ti pa síímù Amẹ́ríkà wa láti fi dín owó kù. Lọ́sẹ̀ tí ọkọ mi kú, mo fẹ́ gbé owó láti fi sin ín, báńkì wa ní Amẹ́ríkà ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́, nọ́ḿbà tí mo ti pa yẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, owó mi nìyẹn mò ń wò ó, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ má pa nọ́ḿbà yín o. Àdírẹ́ẹ̀sì kan pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ti ọmọ yín dára.

Fóòmù kan tún wà tí Social Security máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókèèrè láti mọ̀ pé ẹ ṣì wà láàyè, SSA-7162. Mo kó ilé, mi ò sọ fún wọn, fóòmù ò bá mi, owó dúró. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ lọ mọ Federal Benefits Unit, ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ Social Security lókèèrè, tó ń bójú tó orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà. Kẹ́ ẹ sì ṣe ìwé ìhágún tuntun, ti ọkọ mi ní Amẹ́ríkà nìkan ni, lọ́yà méjì ló bá mi tún un ṣe.

Ará_Caldas:
Òótọ́ ni, mà. Níbí ti tiẹ̀ le sí i, òfin Pọ́túgàl máa ń pín ogún fáwọn ọmọ ní dandan, ṣùgbọ́n láti 2015 òfin Yúróòpù gbà kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé òfin ìlú yín lẹ fẹ́ kí wọ́n lò.

ÌyáÌbejì_Houston:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á tu ìyá wa ní Boquete nínú, Bàbá Ohio, ara á le. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí bàbá wọn létí lálẹ́ àná, nígbà tí mo dé ibi $259 wọ́n ní kí n tún un kà. A ò ta ilé mọ́. A máa lọ fi oṣù kìíní sí oṣù kẹta wò ó ní Setúbal, Part B wọn á wà níbẹ̀, èmi náà á forúkọ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó kúrò, torí àkókò yẹn gan-an ni màá wà lọ́hùn-ún?

Bàbá_Ohio:
Ẹ lè ṣe é, mà. Oṣù kejìlá ni àyè yín ṣí. Ẹ ṣe é lóṣù yẹn kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kẹ́ ẹ tẹ ìwé tí wọ́n bá fún yín sórí bébà kẹ́ ẹ mú un dání.