Ṣé dandan ni kí n máa pa Sábáàtì mọ́ ní Sátidé?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ìjọ Adventist, àwọn tó ń fi Sátidé ṣe ọjọ́ ìsinmi, ó ní òfin kẹrin nínú Ẹ́kísódù 20, tó ní ká ya Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi, sí mímọ́, kò tíì yí padà. Mo ka Kólósè 2:16 fún un, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wa lẹ́jọ́ nítorí ọjọ́ ìsinmi. Ó ní ti àjọ̀dún àwọn Júù nìyẹn. Mi ò rí èsì fọ̀. Sátidé sì ni ẹ̀lùbọ́ mi máa ń tà jù! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀rù pé mò ń ṣẹ Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n sùn. Báwo lẹ ṣe lóye Róòmù 14:5, tó ní ẹnì kan ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ, ẹlòmíràn sì ka gbogbo ọjọ́ sí bákan náà?