Làkúrègbé ìfun kọ́: àbá lórí orúkọ àrùn tó mú ìfun tó tún mú oríkèé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè o. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe oríkèé wíwú tó ń bá àwọn alárùn ìfun fínra ní "làkúrègbé ìfun". Ẹlòmíràn ní "àrùn oríkèé àfìfunfà" ló dáa jù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n ò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tí à ń wí. Àrùn Crohn, tó ń mú ìfun wú, tàbí egbò inú ìfun ńlá (ulcerative colitis) ló ń bá a jà: inú rírun, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ara tó ń joro. Crohn ò nílò ìtumọ̀ ní tirẹ̀, orúkọ dókítà Burrill Crohn ni. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló kọ̀wé lórí àrùn náà ní New York ní 1932. Ó ṣe díẹ̀, orúnkún kan wú, ó gbóná, kò ṣe é tẹ̀. Tàbí kó jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn: á jí láàárọ̀, ìbàdí á ti gan, ó di ìgbà tó bá rìn káàkiri ilé kó tó tú. Tó bá tún jókòó pẹ́, ó tún gan.

Bí a bá ní egbò ìfun, inú ìfun ni egbò wà. Ta ló máa gbọ́ "làkúrègbé ìfun" tí kò ní rò pé inú ìfun ni làkúrègbé wà? Èyí tó bà mí lẹ́rù jù tún wà níwájú. Ògbufọ̀ ni mí fún àwọn aláìsàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ bí ẹnu wa ṣe ń ṣe: á gé "ìfun" kúrò, á ku "làkúrègbé". Ẹni tó bá sì ní làkúrègbé ló ń ṣe òun, oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí diclofenac ni olóògùn máa gbé fún un, bẹ́ẹ̀ irú oògùn yẹn lè jí àrùn ìfun tó ti rọlẹ̀.

Àfìfunfà dùn létí, ó bá àfọwọ́fà ṣe rẹ́gí, àmọ́ kò bá òótọ́ mu tán. Oríkèé ńlá bí orúnkún sábà máa ń tẹ̀ lé ìfun: bí ti ìfun bá le, tirẹ̀ náà á le, bó bá rọ̀, á rọ̀. Ti ọmọ ìka ọwọ́ kì í dúró de ìfun. Ti ẹ̀yìn tiẹ̀ lè ṣáájú ìfun ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá gé ìfun ńlá kúrò nítorí egbò rẹ̀, orúnkún lè sinmi, ẹ̀yìn ò ní gbà. Báwo la ṣe fẹ́ sọ pé ìfun ló fà á?

Àbá tèmi ni "amúfun-móríkèé": ó mú ìfun, ó mú oríkèé. Bí wọ́n ṣe sọ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àti yínrùnyínrùn náà nìyẹn, ohun tí àrùn ń fi ara ṣe ni wọ́n fi pè é. Ó tún ń bímọ: amúfun-mẹ́yìn fún ti ẹ̀yìn, amúfun-mójú fún ojú pípọ́n tó máa ń bá àrùn yìí rìn. Ẹnu ò sì lè gé ìfun kúrò níbẹ̀, òun ló ṣíwájú.

"Ìgbinnikún" tí àwọn kan fẹ́ fi rọ́pò "wíwú" ló kù. Létí tèmi, egbò tó fẹ́ ṣọyún ni gbinnikún ń sọ, kò sì sí ọyún nínú orúnkún yìí. Wíwú nìkan náà ò tó, kò sọ ti ooru àti ìrora. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, kí lẹ̀ ń pe ibi tó wú, tó gbóná, tó ń roni, tí kò lọ́yún nínú?