Ìyá mi ò jẹ́ kí ọmọ mi jẹ ẹyin

Ìyá Fẹ́mi, Kàbbà
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3. Láti ìgbà tí mo ti bí àbúrò rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìsánlú ló ń gbé. Mo lọ wò ó ní Sátidé, àyà mi já: bùbá tí mo rà fún un lọ́dún tó kọjá ṣì bá a mu rẹ́gí. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó, jẹ́ 27.

Àṣé ògì láàárọ̀, àmàlà lọ́sàn-án, àmàlà lálẹ́ ni. Bí ẹran bá wà, omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń bù fún un. Màmá ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Aládùúgbò kan tún ní purotéènì, èyí tó wà nínú ẹyin àti ẹran, máa ń fa kálísíọ́mù kúrò lára eegun. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àbí oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan ti tó?

Bàbá Ìbejì, Egbe
Málítì àti mílíìkì! Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ á kún.

Nọ́ọ̀sì Mopa
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú málítì. Ìyá Fẹ́mi, ó yẹ kí PCV rẹ̀ tó 33. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibà, aràn àti genotype rẹ̀ wò, torí oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ dín.

Purotéènì àti irin inú oúnjẹ ni ara fi ń ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ náà ní purotéènì tirẹ̀, albumin, tó ń di omi mú sínú iṣan. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, omi á jò sínú ara, ẹsẹ̀ á wú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá dá kòtò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ kwashiorkor, àìsàn àìjẹun-dáadáa tó ń mú ara ọmọ wú. Látinú èdè Gà ní Gánà ni Dókítà Cicely Williams ti mú orúkọ yẹn ní 1935: àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ìgbà tẹ́ẹ bímọ kejì ni tiyín náà bẹ̀rẹ̀?

Ní ti eegun, ẹ rántí ògiri alámọ̀. Purotéènì ni igi tí wọ́n tò sínú rẹ̀, kálísíọ́mù ni amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Bí igi ò bá sí, kí ni amọ̀ fẹ́ dì mọ́? Aládùúgbò yín kò kúkú parọ́ tán: purotéènì púpọ̀ máa ń jẹ́ kí kálísíọ́mù inú ìtọ̀ lé sí i, ṣùgbọ́n ìfun náà á máa gbà sí i látinú oúnjẹ. Ọmọ tó ń jẹ omi ọbẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ yẹn kàn. Bíi gíráàmù 13 purotéènì ni ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ nílò lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6.

Ìyá Oníwàrà
Ẹ má bá màmá jà nítorí ẹyin. Ẹ fọ́ ọ sínú mọ́ínmọ́ín. Èmi máa ń gún ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ teegunteegun pẹ̀lú edé, mo ń bu ṣíbí kan sínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ mi. Ẹ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní lọ́jọ́ ọjà, torí kálísíọ́mù wà níbẹ̀. Bó bá jẹun tán, ẹ bó ọsàn fún un. Ó ń jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀wà dáadáa.

Ìyá Fẹ́mi, Kàbbà
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dá kòtò. Aràn ni wọ́n bá, wọ́n ti fún un lóògùn, a máa padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ sí Ìsánlú lánàá. Màmá jẹ méjì, ó ní kí ni mo fi sínú ẹ̀ tó dùn báyìí. Mo ní ẹ̀wà ni.