Mùsíọ́ọ̀mù Great Malvern: kí ló ṣẹ́ kù nínú ilé àwọn mọ́ńkì?

Ìbéèrè
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ kó àwọn ọmọ láti Birmingham lọ wo mùsíọ́ọ̀mù Malvern ní Sátidé. Wọ́n ní ilé àwọn mọ́ńkì Benedict ni tẹ́lẹ̀. Ṣé yàrá wọn ṣì wà? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn 1
Ẹ má torí yàrá mọ́ńkì lọ o. Látìgbà tí Ọba Henry Kẹjọ ti tú wọn ká, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹnubodè nìkan ló dúró. Inú ẹnubodè yẹn ni mùsíọ́ọ̀mù wà, lókè. Ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àtẹ̀gùn lẹ máa gùn, nítorí náà ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílé.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Póùn 20 làwọn ará ìlú fi rà á ní 1541. Ẹ wá àga àwọn mọ́ńkì. Tí wọ́n bá ká ìjókòó rẹ̀ sókè, pákó kékeré kan á yọ lábẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń fìdí tì tí àdúrà bá gùn tí wọn ò sì gbọdọ̀ jókòó. Abẹ́ pákó yẹn ni iṣẹ́ ọnà wà. Nínú ọ̀kan, eku mẹ́ta ló ń yẹgi fún ológbò. Ológbò wà nílé o, ilé ṣì dilé èkúté!

Ẹ tún wo táìlì ọ̀rúndún 15 tó wà lára ògiri lẹ́yìn pẹpẹ. Wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sára amọ̀ pupa nígbà tó ṣì rọ̀, wọ́n á fi amọ̀ funfun dí ojú òǹtẹ̀, kí wọ́n tó fi nǹkan dídán bò ó, kí wọ́n sì sun ún. Nǹkan dídán yẹn ló sọ funfun di àwọ̀ òféèfèé.

Ìdáhùn 2
Nínú rélùwéè, ẹ má sọ̀ ní Malvern Link. Òun lẹ máa kọ́kọ́ kàn lẹ́yìn Worcester, ọ̀pọ̀ àlejò ló sì máa ń ṣìnà síbẹ̀. Great Malvern ló tẹ̀ lé e. Òkè lẹ máa gùn láti ibùdókọ̀. Ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí mùsíọ́ọ̀mù wò, torí wọ́n máa ń tì í nígbà òtútù.

Ìdáhùn 3
Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ omi ló dùn jù nínú mùsíọ́ọ̀mù yẹn. Dókítà Wilson àti Dókítà Gully dé Malvern ní 1842, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tútù wo aláìsàn. Ní kùtùkùtù, wọ́n á rẹ aṣọ ìbùsùn sínú omi, wọ́n á fún un, wọ́n á fi wé onítọ̀hún láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n á wá kó búláńkẹ́ẹ̀tì lé e. Bíi wákàtí kan ló máa fi wà bẹ́ẹ̀ títí ooru ara rẹ̀ á fi mú aṣọ náà gbóná. Wọ́n á tún da omi tútù lé e, lẹ́yìn náà ló máa gun òkè lọ mu omi ní ìsun omi tí wọ́n ń pè ní St Ann's Well. Àpáta òkè yẹn le, kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò sínú omi, ìyẹn ni omi rẹ̀ fi mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹn, náà gba ìtọ́jú yìí ní 1849. Annie ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 10, kú síbẹ̀ ní 1851; ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn mọ́ńkì yẹn kan náà ni sàréè rẹ̀ wà. Tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ṣì gbà á, àtẹ̀gùn 99 ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà St Ann's Well láti àárín ìlú.